Ẹ Yé Pè Wá Nígbà Tí Ìdíje Bá Ti Kù Sí Dẹ̀dẹ̀

Ọdọọdún ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ń ké sí àwa olùtọ́nà nígbà tí FIRST LEGO League, ìdíje róbọ́ọ̀tì fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, bí ẹni pé róbọ́ọ̀tì jẹ́ aṣọ tí télọ̀ lè rán mọ́jú. Ìṣẹ́jú 2 àti ààbọ̀ ni róbọ́ọ̀tì fi ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ni àwọn ọmọ fi ń dán an wò, tí yóò kùnà, tí wọn yóò sì tún un ṣe. Bí àkókò bá ti há, àgbàlagbà a gba iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà tí àwọn adájọ́ bá wá béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, omijé a lé ròrò sójú ọmọ. Ìyà yìí kò tọ́ sí wọn rárá.