Ìwo kòkòrò ewé kókò kò ní oró

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kòkòrò oníwo tó ń jẹ ewé kókò máa ń ta bí àkekèé, pé ká da epo mọ́tò sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni ìwo náà wà, ó rọ̀, kò sì ní oró. Lẹ́yìnkùlé wa ní Kétu, mo gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́: ó fa orí sínú, ẹ̀yìn orí rẹ̀ wú, àmì méjì bí ojú sì ranjú mọ́ mi. Ẹ̀rù ló fi ń bani, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onírun lára ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Eléyìí á wọlẹ̀, á di àfòpiná tó ń fa oje òdòdó ìbẹ́pẹ nírọ̀lẹ́, tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ lọ bá òdòdó abo. Epo mọ́tò tí ẹ dà sílẹ̀ ló máa pa kókò yín.