Ẹ Bi Ará Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà Kí Ẹ Tó Díwọ̀n Ìlera Wọn

Òfin ọdún 2022 ti sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n owó irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í tó gbogbo ìtọ́jú. Àwọn kan ní láti pinnu àìsàn tí ètò máa sanwó rẹ̀ àti èyí tí aláìsàn máa fara rẹ̀ gbé. Ìwọ̀n ta ni wọ́n fẹ́ lò láti mọ àìsàn tó wúwo jù?

Ní Ìlú Ọba lọ́dún 1993, wọ́n fọ̀rọ̀ wá nǹkan bí 3,000 ará ìlú lẹ́nu wò lórí ohun márùn-ún: ìrìn, wíwẹ̀ àti wíwọṣọ fúnra ẹni, iṣẹ́ òòjọ́, ìrora, àti àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Wọ́n bi wọ́n pé: bí èèyàn bá máa fi ọdún 10 ṣàìsàn, mélòó ló lè yọ̀ǹda nínú rẹ̀ kí ìyókù lè jẹ́ ti ara líle? Ìrora líle ló wúwo jù lójú wọn. Àìlèṣiṣẹ́ òòjọ́ ló fúyẹ́ jù. Ìdáhùn wọn ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n tó ń sọ bí àìsàn kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó.

Ẹ gbé ìyẹn dé Ọjà Atákúnmọ́sà n'Iléṣà. Ìyá tó ń ta iṣu níbẹ̀, ọjọ́ tí kò bá jáde, kò sẹ́ni tó máa san owó ọjọ́ náà fún un. Owó iléèwé ọmọ, owó èésú, owó oògùn pàápàá, ìdí àtẹ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Orúnkún ń ro ó, ó fi róòbù pa á, ó gbọ́jà lọ. Ṣé òun la fẹ́ sọ fún pé àìlèṣiṣẹ́ ló fúyẹ́ jù? A ò gbà.

Ìwọ̀n ọ̀hún gbà pé àìsàn kan wà tó burú ju ikú lọ. Àwa náà sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Àmọ́ kí ni ẹ̀sín? Ìyá arúgbó tí ọmọ ń wẹ̀ fún lè kà á sí èrè ọmọ bíbí. Bàbá tí wọ́n ń gbé lọ sílé ìgbẹ́ lè máa tọrọ ikú. Àfi ká bi wọ́n.

Zimbabwe àti Ẹtiópíà ti ṣe irú ìwádìí yìí, wọ́n ti bi àwọn èèyàn tiwọn. Àwọn onímọ̀ físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá àti ìfọwọ́ra tọ́jú ara, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti túmọ̀ ìwé ìbéèrè SF-36 lórí ìlera sí Yorùbá, wọ́n sì ti dán an wò, nítorí náà kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ la ṣàìní. Kí ìjọba àpapọ̀ àti ti Ọ̀ṣun gbé owó iṣẹ́ yìí kalẹ̀. Kí wọ́n dé Modákẹ́kẹ́, Ifẹ̀wàrà àti àwọn abà oko, kó má jẹ́ àwọn tó wá sílé ìwòsàn nìkan. Ẹni tí wọ́n bá ní kó yọ̀ǹda ọdún ayé rẹ̀ níbí, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” ló máa sọ. Dípò ìyẹn, kí wọ́n ṣàpèjúwe aláìsàn méjì fún un, kó sọ èyí tí ìyà rẹ̀ pọ̀ jù. Kí wọ́n sì ṣe é kí wọ́n tó tún àkójọ ìtọ́jú tí ètò náà ń sanwó rẹ̀ yẹ̀ wò.