Ìbọn XRF kò lè rí lithium

Lágbègbè Yàgbà, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Ìsánlú, ohun tí ọ̀pọ̀ awakùsà gbà ni pé bí olùrà bá ti fi ìbọn XRF, ẹ̀rọ àfọwọ́dìmú tó ń ka èròjà inú òkúta, kan òkúta, tí nọ́ńbà sì yọ lójú rẹ̀, ẹjọ́ ti parí: a ti mọ bí lithium inú rẹ̀ ṣe tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìbọn yẹn kò rí lithium rárá, ìbáà jẹ́ èyí tó wọ́n jù lọ ni wọ́n gbé wá.

Ìtànṣán X ni ìbọn náà ń yìn sí òkúta. Èròjà tí ìtànṣán yẹn bá bá nínú òkúta yóò ta ìtànṣán tirẹ̀ padà, agbára tó bá sì fi tà á la fi ń dá a mọ̀. keV la fi ń wọn agbára náà: ti irin jẹ́ 6.4 keV, ti èròjà rubidium jẹ́ 13.4 keV. Àwọn wọ̀nyí ń la afẹ́fẹ́ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti lithium kò ju 0.054 keV lọ. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó wà láàárín òkúta àti ìbọn ti tó láti gbé e mì, ká má tíì sọ ti fèrèsé tín-ín-rín tó bo ojú ẹ̀rọ. Magnesium, tó jẹ́ 1.25 keV, ni ọ̀pọ̀ ìbọn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ríran, òun náà kì í sì í hàn dáadáa.

Ìlà kan lójú ẹ̀rọ tó ń jẹ́ LE (light elements) ló ń kó àwọn èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Gbogbo èròjà fúyẹ́ tí ìbọn kò rí ló ń kó jọ síbẹ̀, oxygen ló sì máa ń pọ̀ jù nínú wọn. Quartz lásán, òkúta tó ń di yanrìn, tí kò ní lithium kankan, jẹ́ oxygen ní 53 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ka LE sí Li, àmì lithium, ti fi owó lithium ra yanrìn.

Àwọn kan tún ń wo rubidium, wọ́n ní bí rubidium bá ti pọ̀, lithium ń bẹ. Ìyẹn ní òótọ́ díẹ̀ nínú: bí potassium bá ń dín kù sí rubidium nínú feldspar àti mica (oríṣi òkúta méjì) kùsà kan, ó yẹ kí ẹ wá lithium nítòsí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n inú feldspar àti mica ni rubidium ń gbé, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ spodumene, òkúta tí lithium wà nínú rẹ̀. Nítorí náà spodumene gidi lè fi rubidium kékeré hàn, kí feldspar tí kò wúlò fi púpọ̀ hàn.

Tantalite, òkúta dúdú tó ní tantalum nínú, ni kí ẹ fi ìbọn yẹn wò. Ẹ gbẹ òkúta náà ní 105°C, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná dé 75 micron, ẹ pò ó pọ̀ dáadáa, kí ẹ dà á sínú ife tí wọ́n fi ọ̀rá tín-ín-rín dí nídìí. Ẹ yìn ín fún 60 ìṣẹ́jú àáyá ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ máa yí ife náà padà. Bí ẹ bá kàn fi ìbọn lé òkúta odidi, ojú rẹ̀ nìkan ló ń kà. Bó bá ṣe èérún dúdú tantalite kan ló bọ́ sí, gbogbo àpò yóò dà bíi wúrà. Ẹ má sì di òkúta mú lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń yìn ín.

Fún lithium, ẹ kọ́kọ́ wọn ìwúwo òkúta tó mọ́ kan ní gbígbẹ, kí ẹ so ó mọ́ òwú, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nínú omi. Ẹ pín ti gbígbẹ pẹ̀lú ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. 310 gíráàmù ní gbígbẹ, 210 nínú omi, ó jẹ́ 3.1: ó lè jẹ́ spodumene. Quartz máa ń wá sí 2.65, feldspar sí 2.6. Tourmaline, òkúta mìíràn, náà lè dé 3.1, torí náà èyí kò tíì tó láti dá owó lé.

Ilé àyẹ̀wò ló ń sọ iye gan-an. Àwọn NGSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti òkúta, ní ilé àyẹ̀wò ní Kaduna. Ẹ sọ fún ilé àyẹ̀wò pé kí wọ́n fi kẹ́míkà sodium peroxide yọ́ ọ, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ ICP kà á, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá Li ni wọ́n kọ tàbí Li₂O (lithium tó para pọ̀ mọ́ oxygen), torí 1% Li jẹ́ 2.15% Li₂O. Spodumene tó mọ́ pátápátá kò kọjá 8.03% Li₂O, ẹni tó bá kọ 12 fún yín, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ pín ìyẹ̀fun náà sí méjì, kí ẹ lẹ ọ̀kan pa, kí ẹ̀yin àti olùrà jọ fọwọ́ sí i.