Sẹ́ńtà fíìdì Yankees kì í ṣe oyè ìdílé o

Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá 2024 lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nínú pálọ̀ wa níbí ní Bronx. World Series, ìyẹn àṣekágbá baseball ilẹ̀ Amẹ́ríkà, géèmù karùn-ún, Yankees ti New York àti Dodgers ti Los Angeles ni. Yankees ti fi 5 sí òdo ṣíwájú, Gerrit Cole ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń sọ òkò sí màǹgòrò, Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé òkè wa ti sọ̀kalẹ̀ wá, ó gbé àwo asun dání, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ni Tommy Edman bá gbá bọ́ọ̀lù kan, bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́, ó lọ bá Aaron Judge tààrà ní sẹ́ńtà fíìdì, àárín gbùngbùn lẹ́yìn pápá. Bọ́ọ̀lù tó jẹ́ pé ọmọ iléèwé á hán an. Ó wọ inú ìbọ̀wọ́ Judge, ó tún jáde. Pọ́! Ó bọ́ sílẹ̀. Ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ Anthony Volpe ti ju tiẹ̀ nù, Cole náà ò sáré lọ bo fọ́ọ̀sì béèsì, ibùdó àkọ́kọ́ tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù máa ń sáré lọ, nígbà tí Mookie Betts gbá tiẹ̀, ayò 5 wọlé gbìrìgbìrì, ó di ọ̀mì, nígbà tó máa fi di òru Dodgers ti na wọ́n 7 sí 6 wọ́n sì ti gbé ife lọ.

Ẹ̀gbọ́n dìde dúró. "Ibi tí DiMaggio dúró sí! Ibi tí Mantle dúró sí! Ilẹ̀ yẹn ò gbà á ni, ráìtì fíìdì ni tiẹ̀, kì í ṣe ọmọ oyè!"

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò tán nínú mi, torí kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n nìkan ló gbà á gbọ́. Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù bábà èyíkéyìí ládùúgbò yìí tẹ́ ẹ dárúkọ Yankees, ẹnì kan á ṣáà sọ ọ́ fún yín pé sẹ́ńtà fíìdì wọn yàtọ̀, pé ibẹ̀ ní nǹkan nínú. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í wo baseball, èèyàn mẹ́ta ló máa ń dúró sọ́nà jíjìn lẹ́yìn, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ẹni tó wà láàárín ni wọ́n ń pè ní sẹ́ńtà fíìdì, òun ló nílẹ̀ tó pọ̀ jù láti sá. Bí wọ́n sì ṣe máa ń ka ti Yankees nìyí: Earle Combs bí Joe DiMaggio, DiMaggio bí Mickey Mantle, Mantle bí Bernie Williams, àfi bí ìgbà tí pásítọ̀ ń ka ìran Jésù nínú Mátíù.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé àwọn èèyàn yẹn ò dáa o. DiMaggio gbá bọ́ọ̀lù dáadáa nínú géèmù 56 léraléra ní 1941, títí di òní kò sẹ́ni tó bá a níbẹ̀. Mantle gbá home run, bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri pápá, 536. Combs wà ní Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni baseball. Ohun tí mo ń jà lé lórí ni pé wọ́n ń sọ ọ́ bíi pé ipò yẹn ló sọ wọ́n di ńlá, pé wọ́n ń gbé e fún ara wọn bí adé. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ká kọ́kọ́ mú ti ilẹ̀, torí Ẹ̀gbọ́n ní ilẹ̀ ò gba Judge. Ilẹ̀ wo? Pápá tí DiMaggio àti Mantle ti gbá, èyí tí wọ́n ṣí ní 1923, wọ́n ti wó o, òdìkejì títì 161 ló wà, wọ́n ti sọ ọ́ di pákì, Heritage Field. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá tí mo bá ń lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, àwọn ọmọ kéékèèké ló máa ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ tí àwọn ìyá wọn á máa pariwo lé wọn lórí láti ẹ̀gbẹ́ wáyà. Pápá tí bọ́ọ̀lù ti bọ́ lọ́wọ́ Judge, 2009 ni wọ́n ṣí i. Mantle ti kú ní 1995, DiMaggio kú ní 1999, kò sí èyí tó tẹ ibẹ̀ rí nínú àwọn méjèèjì. Ká tiẹ̀ fi yẹn sílẹ̀, gbogbo 1974 àti 1975 tí wọ́n ń tún pápá àtijọ́ ṣe, Shea Stadium ní Queens, ilé àwọn Mets, ni Yankees lọ jókòó sí bí ayálégbé. Ilẹ̀ mímọ́ ti wá di ilé àyágbé nìyẹn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìran. Oṣù keje 1934, Combs ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù ní St. Louis, ó lọ forí sọ ògiri, agbárí ẹ̀ sán, díẹ̀ ló kù kó kú. Ó padà wá gbá díẹ̀ ní 1935 ó sì fi í sílẹ̀. Ta ló wá wà ní sẹ́ńtà ní 1935? Ben Chapman. Ẹ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí nínú ìtàn oyè yìí àbí? Ẹ ò lè gbọ́ ọ. Chapman yìí kan náà ló di kóòṣì Phillies tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní 1947 tó ń bú Jackie Robinson torí pé ó jẹ́ adúláwọ̀, èébú tó burú tó fi di ìtàn. Àwọn tó ń kéwì Yankees á kàn fò ó, bí wọ́n ṣe ń fo ọba tó ba ìlú jẹ́ tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn ọba tó ti jẹ. Nígbà tí DiMaggio sì dé ní oṣù karùn-ún 1936, lẹ́fùtì fíìdì ni wọ́n fi í sí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbá, torí Chapman ṣì wà. Ìgbà tí wọ́n fi Chapman ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí Washington ní oṣù kẹfà ni ọ̀nà tó ṣí.

Ti Mantle ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Shortstop, ẹni tó ń ṣọ́ àárín béèsì kejì àti ìkẹta, ni ọmọ yẹn nígbà tí wọ́n mú un ní Oklahoma, kò sí ẹni tó wò ó pé ọmọ oyè sẹ́ńtà ni. 1951 ló dé, DiMaggio ṣì wà níbẹ̀, ó ti dàgbà, gìgísẹ̀ ń dùn ún, àmọ́ kò ní kúrò, wọ́n bá fi Mantle sí ráìtì. Ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, World Series, géèmù kejì, Willie Mays ti Giants gbá bọ́ọ̀lù kan sókè, ó ń bọ̀ sí àárín àwọn méjèèjì, Mantle tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 sáré wá bí ẹṣin, ó ti fẹ́ dé ibẹ̀, DiMaggio wá pariwo pé òun ti rí i. Ọmọdé ò lè kọlu àgbà, àgbà tó tún jẹ́ DiMaggio, ó bá tẹ bíréèkì lójijì, bàtà ẹ̀ há sára ìdérí gọ́tà tó wà nínú koríko. Eékún ẹ̀ lọ. Ó ṣubú síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n yìnbọn lù. DiMaggio hán bọ́ọ̀lù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ jẹ́jẹ́. Eékún yẹn ò sì pé mọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, ohun tí a rí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, Mantle ẹlẹ́sẹ̀ kan ààbọ̀ ni. Tó bá jẹ́ oyè ni wọ́n ń gbé fún un lọ́jọ́ yẹn, ìwúyè tó fọ́ ọmọ oyè lẹ́sẹ̀ ni.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́, ní 1967, ṣé ẹ mọ ẹni tó gba sẹ́ńtà lọ́wọ́ ẹ̀? Joe Pepitone, ẹni tó ń gbá fọ́ọ̀sì béèsì. Wọ́n kàn pààrọ̀ ìjókòó ni, Mantle lọ sí fọ́ọ̀sì béèsì, Pepitone lọ sí sẹ́ńtà. Ọba àti balógun ṣe pàṣípààrọ̀ ilé, ẹ wá ní oyè ìdílé ni.

Láti 1967 yẹn títí di 1991 tí Bernie Williams dé, ọdún 24 ni. Bobby Murcer wà níbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ọmọ Oklahoma, shortstop lóun náà tẹ́lẹ̀, wọ́n ní òun ni Mantle tuntun, ó gbìyànjú gan-an, wọ́n fi í pààrọ̀ Bobby Bonds ní 1974. Mickey Rivers, Jerry Mumphrey, Rickey Henderson fún ìgbà díẹ̀, Roberto Kelly. Nínú ọdún 24 yẹn náà ni Yankees gba ife ní 1977 àti 1978 pẹ̀lú Rivers láàárín, Rivers dáa o, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ya ère ẹ̀. Ìtẹ́ tó ṣófo fún ọdún 24 tí ìlú ò sì bàjẹ́, ṣé ìtẹ́ nìyẹn? Bernie gan-an, torí pé wọ́n ta Kelly sí Cincinnati ní oṣù kọkànlá 1992 láti fi mú Paul O'Neill wálé ni àyè fi ṣí fún un dáadáa. Tí Cincinnati bá sọ pé àwọn ò ṣe ńkọ́?

Kí ló wá fà á tí àwọn méjì ìgbà àtijọ́ yẹn, DiMaggio àti Mantle, fi tẹ̀ lé ara wọn? Owó àti òfin. Nígbà yẹn tíìmù tó bá ti mú ẹ ló ni ẹ́ títí ayé, o ò lè lọ síbòmíì àfi tí wọ́n bá tà ẹ́. Tíìmù tó lówó á sì rán àwọn èèyàn ẹ̀ káàkiri kí wọ́n máa wá ọmọ. Ìgbà tí eékún DiMaggio dùn ún ní San Francisco tí àwọn tíìmù yòókù ń sá, Yankees san 25,000 dọ́là wọ́n sì fi agbábọ́ọ̀lù márùn-ún lé e, wọ́n gbé e. 1965 ni wọ́n wá gbé òfin tuntun dé, pé kí gbogbo tíìmù máa tò mú àwọn ọmọ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó kẹ́yìn lọ́dún tó kọjá ni kó kọ́kọ́ mú. 1966 ni Mantle gbá sẹ́ńtà kẹ́yìn. Mi ò ní kí ẹ máa ṣe ìṣirò kankan o, ẹ kàn wo ọdún méjèèjì yẹn pa pọ̀. Lẹ́yìn náà owó nìkan ò tó mọ́: wọ́n fún Jacoby Ellsbury ní 153 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún 7 kó wá gbá sẹ́ńtà, ara ẹ̀ ò yá, kò gbá géèmù kan ṣoṣo ní 2018 àti 2019, wọ́n ní kó máa lọ.

Ohun tó tún ń ya mí lẹ́nu ni pé wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi pé Yankees nìkan ló ní. Láàárín 1954 sí 1957, New York yìí nìkan ní sẹ́ńtà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: Mantle, Duke Snider ní Brooklyn, àti Willie Mays. Tẹ́ ẹ bá bi èmi, Mays ló dáa jù nínú wọn, ẹ bínú tó bá wù yín. Kò sì sí bí Mays ì bá ṣe wọ Yankees nígbà yẹn, torí títí di 1955 tí Elston Howard dé, Yankees ò fi adúláwọ̀ kankan sórí pápá wọn. Ìdílé tó ti ilẹ̀kùn mọ́ apá kan ọmọ síta, tó wá ń yangàn pé ọmọ tòun ló dáa jù.

Ife 27 ni Yankees ní. Tíìmù tó gba ife tó báyẹn, ibi tó bá wù yín lẹ lè na ìka sí, ẹ máa rí orúkọ mẹ́rin tó dún. Ráìtì fíìdì: Babe Ruth, Roger Maris, Reggie Jackson, Judge. Ó le ju ti sẹ́ńtà lọ bó ṣe wù kó rí! Àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ ìtàn oyè lé e lórí.

Mo gbà pé nǹkan wà ńbẹ̀ díẹ̀ ṣá. Pápá àtijọ́ yẹn, igun ráìtì ò tó 300 ẹsẹ̀ bàtà, àmọ́ láàárín ó lé ní 450, ọlọ́run ló mọ ibi tó parí sí, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹni tó lè sáré jù síbẹ̀ ni, ẹni tó lè sáré jù sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù. Ti Boston náà bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tí wọ́n ń fi lẹ́fùtì fíìdì yangàn, Ted Williams, Carl Yastrzemski, Jim Rice. Williams gbá ráìtì ní ọdún tó kọ́kọ́ dé, 1939. Yastrzemski, shortstop ni wọ́n mú un. Ògiri tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 37 ló wà lẹ́yìn lẹ́fùtì fíìdì wọn, ibẹ̀ kéré, ẹni tó mọ igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lò àmọ́ tí kò lè sáré púpọ̀ lè sá pamọ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bírikìlà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀kọ́: Combs dúró ti Yankees gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì láti 1936, ó sì kọ́ DiMaggio bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ àárín yẹn. Ìyẹn yé mi. Ọ̀gá kọ́ ọmọ iṣẹ́ ni, mẹkáníìkì tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lánàá mo wá bi Ẹ̀gbọ́n lórí àtẹ̀gùn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, 2009 tá a gba ife, ta ló wà ní sẹ́ńtà? Wọ́n ronú, wọ́n ní Granderson. Mo ní rárá o, Granderson ò tíì dé. Wọ́n ní Damon. Mo ní Damon ti lọ sí lẹ́fùtì. Melky Cabrera ni, nígbà tí iṣan ẹsẹ̀ ẹ̀ já ní géèmù kẹrin Brett Gardner ló bọ́ síbẹ̀ títí wọ́n fi gba ife. Wọ́n wò mí, wọ́n gbé báàgì ọjà wọn, wọ́n gòkè lọ.

Láàárọ̀ yìí kí n tó fọ eyín wọ́n ti fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ sí WhatsApp mi: "Catcher ńkọ́? Dickey, Berra, Howard, Munson, Posada. Sọ̀rọ̀!"

Catcher lẹni tó máa ń lóṣòó lẹ́yìn ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo dá wọn lóhùn pé ẹ káàárọ̀ sà, nígbà tí Posada kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní tíìmù kékeré Yankees ní 1991, second base ló ń gbá.

Wọ́n ti kà á. Wọn ò tíì fèsì.