Ọmọ ọba tí ń kàwé àti owó ìlú: èrò ọkàn mi

Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2021, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún 18 fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí olórí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ pé òun kò fẹ́ owó tí òfin ti pèsè sílẹ̀ de òun. Catharina-Amalia, àkọ́bí Ọba Willem-Alexander ti Nẹ́dálándì, ni ọmọ náà. Mark Rutte ni olórí ìjọba tí ó kọ ọ́ sí. Òfin ilẹ̀ wọn ni pé bí àrólé ọba bá ti pé ọdún 18, ìjọba yóò máa san owó fún un lọ́dọọdún: nígbà náà, nǹkan bí 300,000 yúrò gẹ́gẹ́ bí owó tirẹ̀, àti nǹkan bí mílíọ̀nù 1.3 yúrò fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti ìnáwó mìíràn. Ó ní òun yóò dá ti àkọ́kọ́ padà ní gbogbo ìgbà tí òun bá fi wà ní ilé-ìwé, àti pé òun kò ní béèrè fún ìkejì títí iṣẹ́ oyè yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìnáwó ńlá wá. Ìdí tí ó sọ ni pé ara òun kò lè balẹ̀ láti máa gba owó náà nígbà tí òun kò tíì lè ṣe ohun tó pọ̀ fún ìlú, tí nǹkan sì le koko fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ òun lásìkò àrùn Kòrónà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan níbí ní Adó-Èkìtì yóò bi mí pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ọmọ ọba òyìnbó. Ó kàn wá, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ìlú kan ní Èkìtì tí kò ní ọba, owó ìlú sì ń lọ sí ààfin: ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń ti àpò ìjọba àpapọ̀ wá fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni a yà sọ́tọ̀ fún àwọn lọ́balọ́ba. Nígbà tí Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní 11 Oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, ohun tí mo gbọ́ jù lọ́dọ̀ àwọn àgbà ni pé báwo ni ti àwọn Kábíyèsí yóò ṣe wá rí. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè nípa ti àwọn ọmọ wọn.

Ohun tí Amalia ṣe dára lójú mi. Òótọ́ ni pé ebi kò pa ilé baba rẹ̀, nítorí náà n kò ní torí èyí pè é ní akọni. Ìdí tí ó sọ ni ó wù mí: ó so owó mọ́ iṣẹ́, kò so ó mọ́ ìbí. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ níbi pẹpẹ, níbi pẹpẹ náà ni yóò ti jẹun. Ọmọbìnrin yìí sì gbà pé òun kò tíì dé ibi pẹpẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni ó kọ, kì í ṣe òfin, lẹ́tà ẹnì kan kò sì de ẹni tí yóò jẹ́ àrólé lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ dúró lórí pé ọmọ rere ni, ìlú kò sì gbọdọ̀ fi ìṣirò owó rẹ̀ lé orí ìwà rere ẹnì kan.

Ní ti ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó wọ Yunifásítì Amsterdam ní Oṣù Kẹsàn-án 2022 láti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ó pa ìṣèlú, ìmọ̀ nípa ìwà àti ọpọlọ ènìyàn, òfin àti ọrọ̀ ajé pọ̀. Kò pẹ́ tí ìdúnkookò mọ́ ẹ̀mí rẹ̀ fi lé e kúrò nínú ilé tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn jọ ń gbé, tí ó padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a wá gbọ́ pé Madrid ni ó wà fún ìgbà pípẹ́, tí ó ń kàwé láti ibẹ̀. Ó parí oyè àkọ́kọ́ ní 2025, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìmọ̀ òfin. Owó ẹ̀ṣọ́ tí ìjọba ná lórí rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí kì í ṣe irú owó tí ènìyàn lè dá padà, n kò sì bínú sí i. Àwa tí wọ́n pa ọba méjì fún ní Èkìtì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, 29 Oṣù Kínní 2024, kò yẹ kí a máa ṣe àwàdà nípa ààbò ẹni tó wà nípò.

Iṣẹ́ tí Amalia yóò ṣe lẹ́yìn ìwé ti hàn kedere láti ìgbà tí baba rẹ̀ ti gorí oyè ní 2013. Baba náà kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní Leiden, ó sì ń wa ọkọ̀ òfuurufú KLM lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kódà nígbà tó ti di ọba, ṣùgbọ́n adé ni iṣẹ́ rẹ̀. Èkìtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ìdílé tí ń jọba ju ẹyọ kan lọ, oyè sì ń yí káàkiri láàrin wọn, débi pé ọmọ ọba tó wà lórí ìtẹ́ lónìí lè dàgbà, kí ó darúgbó, kí oyè má kan ilé baba rẹ̀ mọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ níṣẹ́ lọ́wọ́: kí ó di agbẹjọ́rò, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ tàbí àgbẹ̀. Fún ìdí èyí, n kò rí ìdí kankan tí owó ìlú yóò fi san owó ilé-ìwé rẹ̀. Bí Kábíyèsí bá fi owó oṣù tiwọn rán ọmọ wọn lọ sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní ìlú Oyè-Èkìtì tàbí sí òkè òkun, ìyẹn kan ilé wọn. Ṣùgbọ́n owó tó jẹ́ ti oyè kì í ṣe ogún ọmọ. Ọmọ ààfin tí owó bá sì ṣòro fún lè gba ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2024, kí ó máa gba 20,000 náírà owó oúnjẹ lóṣooṣù bíi ti ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ní Ìwòròkò, ìlú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì máa ń gbé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo yọ sílẹ̀, òun náà sì ni adelé.

Bí ọba bá wàjà ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì àti ní Àkúrẹ́, ọmọbìnrin ọba náà ni wọ́n máa ń fi sórí àga títí àwọn afọbajẹ yóò fi yan ẹlòmíràn. Ní Àkúrẹ́, láti ìparí 2013 di 2015, Ọmọọba Adétútù Adésidá ni ó di ìlú mú lẹ́yìn baba rẹ̀. Adelé a máa dé fìlà, a máa wọ aṣọ ọkùnrin, a máa so ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ìjòyè tó lè bí i lọ́mọ a máa dọ̀bálẹ̀ kí i ní Kábíyèsí. Òun ni yóò jókòó nípàdé àwọn ìjòyè, tí yóò parí ìjà ilẹ̀, tí ọdún ìbílẹ̀ yóò ṣojú rẹ̀, tí ìjọba yóò sì ránṣẹ́ pè bí wàhálà bá bẹ́ sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ oyè bá wá di ti ilé-ẹjọ́, oṣù díẹ̀ tí wọ́n sọ fún un lè di ọdún púpọ̀. Wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ ẹni tí kò tíì lọ́kọ, èyí tó túmọ̀ sí pé láàrin àwọn tó wà ní yunifásítì tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ni wọ́n ti ń wá a.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà sí ti Amalia. Ti Nẹ́dálándì, owó dé kí iṣẹ́ tó dé. Ti wa, iṣẹ́ lè dé bá ọmọ ọdún mọ́kànlélógún láàrin ìdánwò, kí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ìjòyè àti àánú ẹbí ni yóò máa wò. Nígbà tí wọ́n bá fi ọba tuntun jẹ, yóò kúrò láàfin, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì ti jáde ilé-ìwé. A ó kí i pé ó ṣeun, a ó sì gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà, bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkìtì bá fẹ́ fi ọwọ́ kan òfin oyè, èmi ìbá rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ iye tí adelé yóò máa gbà lóṣù sínú rẹ̀, láti inú ìdá márùn-ún yẹn, láti ọjọ́ tí ó bá ti jókòó títí di ọjọ́ tí ọba tuntun bá gba ọ̀pá àṣẹ. Kí wọ́n kọ owó náà sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ owó ààfin, nítorí ibẹ̀ ni ìjà òun àti ọba tuntun ti lè bẹ̀rẹ̀. Kí yunifásítì ìpínlẹ̀ sì di àyè rẹ̀ mú fún un, kí orúkọ rẹ̀ má ṣe kúrò nínú ìwé wọn nítorí pé ó lọ sin ìlú. Bí ó bá padà dé, kí ó san owó ilé-ìwé tirẹ̀ bíi gbogbo èèyàn.