Kì í ṣe dọ́là ló bí ẹgbẹ́ aráàlú ní Pólàńdì, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀gbọ́n kan tún ti ju fóísì nóòtì sínú gúrúùpù wa lálẹ́ àná, ó gùn bí ìwàásù ìṣọ́ òru, pé gbogbo àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Kọ́múníìsì tẹ́lẹ̀ yẹn, Pólàńdì, Họ́ńgárì àtàwọn yòókù, kò sí nǹkan tó ń jẹ́ ẹgbẹ́ aráàlú níbẹ̀ rárá kí Amẹ́ríkà àti Soros, olówó bílíọ̀nù ọmọ Amẹ́ríkà yẹn, tó gbé dọ́là dé, pé ṣe ni wọ́n ra ìyípadà náà bí ẹní ra ọjà, pé lọ́jọ́ tí owó òyìnbó bá gbẹ gbogbo ẹgbẹ́ ibẹ̀ á kógbá sílé. Àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún un o. Ó ti sú mi. Láti ìgbà tí mo ti wá kàwé ní Lublin, ìlú kan ní Pólàńdì, ni mo ti ń gbé ibẹ̀, ibẹ̀ ni mò ń san owó orí, ibẹ̀ ni mò ń tọ́mọ, ẹni tí kò mọ̀ bóyá apá òkè ni Pólàńdì wà tàbí apá ìsàlẹ̀ ló wá ń kọ́ mi ní ìtàn ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ìlú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lublin tó ń jẹ́ Świdnik, ibẹ̀ ni pápákọ̀ òfuurufú wa wà báyìí, nígbà yẹn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe hẹlikópítà ni gbogbo ìlú ń jẹ lára ẹ̀. Ní oṣù keje 1980 ìjọba fowó lé ẹran. Ní ọjọ́ 8 oṣù yẹn àwọn òṣìṣẹ́ dé kántíìnì, wọ́n rí i pé ègé ẹran dídín tí wọ́n ń rà ní złoty (owó Pólàńdì) 10.20 ti di 18.10. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n ní àwọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ta ló pè wọ́n láti Washington? Kó tó di ìparí oṣù, ó ti ran dé Lublin, ilé iṣẹ́ tó lé ní 150 ló ti daṣẹ́ sílẹ̀ lágbègbè yẹn, àwọn ará rélùwéè gbé ọkọ̀ ojú irin dúró gbagidi. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ìlú Gdańsk létí òkun, èyí tí gbogbo ayé mọ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ni Gdańsk tó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti lé Anna Walentynowicz lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin tó ń wa kéréènì, ó ku oṣù bíi márùn-ún kó fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní ẹ dá a padà. Lech Wałęsa tó jẹ́ oníṣẹ́ iná tí wọ́n ti lé tẹ́lẹ̀ náà wọlé padà lọ bá wọn. Nígbà tó yá wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sórí pákó, ẹ̀ka 21, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu géètì, àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ ìjọba. Ní ọjọ́ 31 oṣù yẹn ìjọba fọwọ́ síwèé. Nígbà tó fi di ọdún tó tẹ̀ lé e, Solidarność, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ yẹn, ti ní ọmọ ẹgbẹ́ tó tó mílíọ̀nù 10, nínú ìlú tí gbogbo èèyàn ẹ̀, tọmọdé tàgbà, ò ju mílíọ̀nù 36 lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì fúnra wọn ń rọ́ wọ inú ẹ̀.

Ó yá, ẹ bá mi ka ọdún. Àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fi owó ẹ̀ rán sáwọn ẹgbẹ́ òkèèrè, National Endowment for Democracy, ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Fọ́ńdéṣọ̀n Stefan Batory tí Soros dá sílẹ̀ ní Pólàńdì, 1988. Mílíọ̀nù 10 èèyàn ti wọ ẹgbẹ́ ní 1980 sí 1981. Ọmọ wo ló ń ṣáájú bàbá ẹ̀ wáyé?

Tí ẹ bá sì ní ó lè jẹ́ pé wàhálà ẹran lásán ni, ó ti wà ṣáájú. Ní 1976, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá na àwọn òṣìṣẹ́ bí ẹní na bàrà ní Radom àti Ursus nítorí owó oúnjẹ bákan náà, èèyàn 14 dá kọmítì kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní KOR, wọ́n kọ orúkọ wọn síta pẹ̀lú àdírẹ́sì, kí ọlọ́pàá má ṣe wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu wá wọn kiri. Wọ́n ń dáwó fún ìyàwó àtọmọ àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, wọ́n ń wá lọ́yà, wọ́n ń tẹ ìwé tí ìjọba ò fẹ́. Tàdáwà gan-an ò sí ní ọjà fún irú wọn, ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n ń pò mọ́ àwọ̀ kí wọ́n tó rí nǹkan fi tẹ̀wé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Świdnik lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá 1981 Ọ̀gágun Jaruzelski, olórí ìjọba Pólàńdì nígbà náà, kó ṣọ́jà àti táǹkì sí títì, wọ́n kó àwọn olórí ẹgbẹ́ sí àtìmọ́lé lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n yìnbọn pa awakùsà 9 níbi ìwakùsà Wujek. Ó yẹ kí gbogbo ẹ̀ parí síbẹ̀ tó bá jẹ́ pé owó ló ń gbé e rìn. Màmá kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, ọmọ Świdnik ni wọ́n, àwọn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi pé ní oṣù kejì 1982, tó bá ti di aago méje ààbọ̀ alẹ́ tí ìròyìn ìjọba bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣe ni gbogbo ìlú á jáde síta, wọ́n á máa rìn gbẹ̀fẹ́ nínú òtútù, tọkọtaya, àwọn ọ̀dọ́, wọn ò gbé páálí, wọn ò kọrin, wọ́n kàn ń rìn ni. Àwọn kan á gbé tẹlifíṣọ̀n sójú fèrèsé, á kọjú síta, kò ní kọjú sí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Àwọn kan tì í lọ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ìjọba gbé òfin kónílé-ó-gbélé ṣáájú kí wọ́n má baà lè jáde lásìkò ìròyìn, wọ́n bá lọ ń rìn nígbà ìròyìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Màmá ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Mélòó ni wọ́n ń ta bàtà ìrìn yẹn ní dọ́là?

Ó dáa, owó wọlé lóòótọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fòfin de Solidarność, Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gba ẹ̀yìn wọlé, ó sì wúlò fún wọn. Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù kẹfà 1989 tí Solidarność gba ìjókòó 99 nínú 100 ní ilé aṣòfin àgbà, aráàlú ló tò sórí ìlà.

Wọ́n á tún ní “wo àwọn NGO ìsinsìnyí, owó Yúróòpù ni wọ́n ń jẹ”, wọ́n á ní àwọn ará ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní káàdì ẹgbẹ́ bíi tàwọn ará Swídìn. Káàdì! Nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí mi ní ọsibítù kan níbí, nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ wá láti fi yẹ etí ọmọ wò bóyá ó ń gbọ́ràn, mo rí ọkàn pupa kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo béèrè, wọ́n ní WOŚP, ẹgbẹ́ aláàánú kan níbí, ló rà á. Ọdọọdún nínú oṣù kìíní láti 1993, àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ á dúró nínú yìnyín pẹ̀lú agolo, wọ́n á máa gba owó lọ́wọ́ èrò ọ̀nà, tí o bá ti fi nǹkan sí i wọ́n á lẹ ọkàn pupa mọ́ ẹ láyà, owó yẹn ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ fún ọsibítù káàkiri ìlú. Ṣé ti Soros nìyẹn náà? Àwọn panápaná abúlé ńkọ́, nǹkan bíi ẹgbẹ́ 16,000, olùyọ̀ǹda ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn ti wà kí Kọ́múníìsì tó dé, wọ́n wà nígbà tó wà, wọ́n ṣì wà lẹ́yìn tó lọ. Fèrè ké, àgbẹ̀ á fi oko sílẹ̀, á wọ bàtà, ó ti lọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì 2022 tí ogun bẹ́ ní Yukréènì, ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ ní Lublin níbí para pọ̀ dá kọmítì ìrànwọ́ sílẹ̀. Èmi náà lọ, mò ń gbé páálí omi, mò ń gbufọ̀ fáwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé níbẹ̀ tí wọ́n ń sá bọ̀. Ojú wọn ti rí màbo ní bọ́dà, wọ́n ní wọ́n ń ti aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn, ìyẹn burú, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹni tó kó mẹ́ta nínú wọn sílé lóru yẹn, tó fún wọn ní ọbẹ̀ gbígbóná àti bẹ́ẹ̀dì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò sí lẹ́gbẹ́ kankan, kò ní káàdì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń bínú sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń jèrè ẹ̀ kì í ṣe aráàlú. Ní Họ́ńgárì ní 2017 ìjọba Orbán fi ṣòfin láti lẹ orúkọ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba owó láti òkèèrè, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà kóòtù Yúróòpù ní òfin náà ò bójú mu. Rọ́ṣíà ti ṣe tiẹ̀ láti 2012, “aṣojú òkèèrè” ni wọ́n ń pè wọ́n. Memorial wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ tí àwọn èèyàn bíi Andrei Sakharov bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìjọba Sófíẹ̀tì ṣì wà lórí oyè, wọ́n ti kó orúkọ tó ju mílíọ̀nù 3 lọ jọ, orúkọ àwọn tí ìjọba yẹn pa, àwọn tó tì mọ́lé, àwọn tó lé kúrò nílùú. Ní oṣù kejìlá 2021 kóòtù ní kí wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀ ni pé wọn ò kọ “aṣojú òkèèrè” sára àwọn nǹkan tí wọ́n ń gbé jáde.