Ariwo Kọ́ ni Eré: Jaguar E-Type àti Camry Muscle

Ẹ dán an wò kí ẹ sọ ọ́ láàárín àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò pé Jaguar E-Type ti ọdún 1961 fẹ́ bá Camry tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé sáré. Ẹ̀rín ni wọ́n máa fi yín rín. "Kí ni Camry fẹ́ wá débẹ̀? Ọkọ̀ eré mà nìyẹn!" Bẹ́ẹ̀ láti ojú kan títí dé 60 máìlì ní wákàtí (nǹkan bíi kìlómítà 97), Camry ló máa kọ́kọ́ débẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo Camry o. Muscle, ìyẹn Camry tó jáde láti 2007, tó bá jẹ́ ẹlẹ́púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, kò tó bẹ́ẹ̀, kó yáa jókòó jẹ́ẹ́. V6 ti 2007, tó ní sílíńdà mẹ́fà, ni mò ń wí, ẹ́ńjìnnì lítà 3.5, agbára ẹṣin 268. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 6 ló fi ń dé 60. Nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn mọ́tò nílùú ọba dán E-Type wò ní 1961, nǹkan bí 7 ló gbà á. Èyí tí Jaguar gbé fún àwọn ìwé ìròyìn yẹn gan-an, wọ́n ti tọ́jú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáadáa ṣáájú. Kì í ṣe irú rẹ̀ ni oníbàárà ń rà.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí 265 ni Jaguar kọ sí tiẹ̀?" Òótọ́ ni. Àmọ́ láyé ìgbà yẹn, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì nìkan sórí ẹ̀rọ ìdánwò, láìsí fáànù àti sálẹ́ńsà ọkọ̀ tó ń jẹ nínú agbára rẹ̀ lójú títì. Ti Camry, tòun ti fáànù àti sálẹ́ńsà rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n ọ́n. 265 yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ 268 yìí rárá.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì méjèèjì wò. Kábúrétọ̀ mẹ́ta ló ń fún E-Type lépo, fáàfù méjì (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde) ló wà fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Kábúrétọ̀ ò ní ojú, ò ní etí: bí mẹkáníìkì bá ṣe yí i sílẹ̀ náà ló ṣe máa bu epo, oòrùn ni o, òtútù ni o. Gíà mẹ́rin ló ní, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ já a sí gíà kìn-ín-ní nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń yí, á ké bí ẹni ń fi irin ha irin. Nínú Camry, fáàfù mẹ́rin ló wà fún sílíńdà kan, brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ń díwọ̀n epo ní gbogbo ìgbà, ó ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà bí ẹsẹ̀ yín bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́, gíà mẹ́fà sì ń já ara wọn. Ó fi kílò tó ju 200 wúwo ju Jaguar lọ, síbẹ̀ ó yá jù ú lọ.

Ìjókòó ló ń tan èèyàn jẹ. Nínú E-Type, ìdí yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń bú, ohun gbogbo ń gbọ̀n. 60 á dà bí 100 lára yín. Nínú Camry, ẹ tan ẹ́síì, Fújì ń lọ lábẹ́lẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá bojú wo dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ ó tó mọ̀ pé eré ti pọ̀ jù.

Bíréèkì dísìkì wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin E-Type, ohun ńlá nìyẹn ní 1961. Ṣùgbọ́n kò sí ABS, tí kì í jẹ́ kí táyà há tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, táyà rẹ̀ sì tín-ín-rín.

Ibi tí Jaguar ti lè gbà á ni ọ̀nà gbọọrọ tí kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀: ó ń sún mọ́ kìlómítà 240 ní wákàtí, Camry ò débẹ̀. Àmọ́ kìlómítà 100 ni òfin Nàìjíríà gbà fún mọ́tò àdáni lórí márosẹ̀, Camry á sì ti débẹ̀ kí Jaguar tó dé.